Ohun tí Iṣẹ́ Olùdámọ̀ràn Akẹ́kọ̀ọ́ Kọ́ Mi ní Ilé-ìwé Girama ní Kwara

Láti Ìlọrin dé Ọ̀fà, títí dé Òmù-Àrán, ọ̀pọ̀ ilé-ìwé girama ló ní yàrá kan tí wọ́n kọ "Counsellor" sí lára ilẹ̀kùn rẹ̀. Níbòmíràn, ibẹ̀ ni wọ́n ń kó ìwé ìdánwò àtijọ́ àti bọ́ọ̀lù tó ti jò sí. Níbòmíràn ẹ̀wẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ń lé ọmọ tó pẹ́ dé tàbí tó lu ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ lọ, kí kánsẹ́lọ̀ fi ọ̀rọ̀ nà án kí igbákejì ọ̀gá tó fi pàṣán nà án. Ohun tí iṣẹ́ yìí kọ́kọ́ kọ́ mi nìyẹn: ọjọ́ tí yàrá yẹn bá ti di ibi ìbáwí, ọmọ tí nǹkan ń dùn kò ní yà síbẹ̀ mọ́. Kí wọ́n fi fáànù sí i, kí wọ́n kùn ún lọ́dà, kò ní yà síbẹ̀. Wọ́n ní bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, a ó fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n nílé-ìwé, kí ọwọ́ méjèèjì má ṣe jẹ́ ti ẹnì kan náà.

Bí iṣẹ́ yìí ṣe bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ wa wà lára ohun tó fà á tí ọ̀pọ̀ ọ̀gá àgbà kò fi mọ ohun tó wà fún. Àwọn sístà Kátólíìkì ní St Theresa's College, Òkè-Àdó, Ìbàdàn, ni a máa ń tọ́ka sí: ní 1959, wọ́n pe àwọn tó mọ oríṣiríṣi iṣẹ́ wá láti bá àwọn ọmọbìnrin tó fẹ́ jáde sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ tí wọ́n lè yàn. Ìlànà ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè ti 1977 fi iṣẹ́ náà sínú ètò ilé-ìwé, ṣùgbọ́n ojú yíyan sáyẹ́ǹsì tàbí áàtì ni ọ̀pọ̀ ṣì fi ń wò ó. Yunifásítì Ìlọrin ní ẹ̀ka tó ń kọ́ni ní iṣẹ́ yìí, àwọn tó jáde níbẹ̀ sì pọ̀ ní ìpínlẹ̀ wa. Bí wọ́n bá dé ilé-ìwé tán, wọ́n á gbé kíláàsì mẹ́fà fún wọn láti kọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. Àkókò ìsinmi nìkan ló kù fún wọn, wọ́n sì ti di ẹni tó ń máàkì ìwé ọmọ. Ọmọ wo ni yóò sọ fún ẹni tó fún un ní 12 nínú 40 pé òun kò rí orun sùn? Bí ọ̀gá àgbà bá fẹ́ kí iṣẹ́ yìí ṣe é ṣe, kí ó gba kíláàsì kúrò lọ́wọ́ olùdámọ̀ràn kí ó tó ra àga.

Yàrá náà kò ní láti tóbi. Kí wọ́n lè rí wa láti ìta, kí wọ́n má lè gbọ́ wa, ó parí. Fèrèsé onígíláàsì tó kọjú sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí àwọn olùkọ́ ń gbà kọjá ló dára jù, kí a pa ilẹ̀kùn dé láìfi kọ́kọ́rọ́ tì í. Ó ń dáàbò bo ọmọ, ó ń dáàbò bo olùdámọ̀ràn náà, pàápàá bí ọ̀kan bá jẹ́ ọkùnrin tí èkejì sì jẹ́ obìnrin. Bí kò bá sí irú fèrèsé bẹ́ẹ̀, a ó ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ díẹ̀, a ó gbé àga lọ sí igun tó jìnnà sí i, a ó sì rẹ ohùn sílẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ tábìlì ni mo ń gbé àga méjèèjì sí, kí wọ́n dagun sí ara wọn díẹ̀, torí tábìlì tó bá dá wa láàárín á sọ mí di ọ̀gá àgbà. Àga ọmọ ló ń sún mọ́ ilẹ̀kùn jù. Ọmọ tó mọ̀ pé òun lè dìde jáde nígbàkígbà ló ń jókòó pẹ́. Tíṣù, píọ̀ wọ́tà méjì, aago ara ògiri tí mo lè rí láìwo ọwọ́ mi. Àwọn ìyókù kò pọn dandan.

Ibi tí nǹkan ti ń bàjẹ́ jù kì í ṣe inú yàrá. Ọ̀nà tí a fi pe ọmọ ni. Bí mọ́nítọ̀ bá dúró níwájú kíláàsì tó ní "Kánsẹ́lọ̀ ń pe Lágbájá", gbogbo kíláàsì á hó, kí ọmọ náà sì tó padà dé wọ́n ti fún un ní ìnagijẹ. Nítorí náà mo máa ń pe ọmọ mẹ́fà tàbí mẹ́jọ láti kíláàsì kan náà ní ọ̀sẹ̀ kan náà, lórí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ ṣe lọ́jọ́ iwájú. Ìwé pélébé kan náà ni gbogbo wọn ń gbà, àkókò wọn ló yàtọ̀. Ẹni tí mo fẹ́ rí gan-an á wà láàárín wọn. Nínú pírọ́ọ̀dù oníṣẹ̀ẹ́jú 40, 30 ni ti ọmọ, mẹ́wàá tó kù ni mo fi ń kọ àkọsílẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tó tutù lórí mi. N kì í mú ọmọ kúrò nínú ìṣirò lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀lé ara wọn, kí n má baà yanjú ìṣòro kan kí n fi òmíràn sílẹ̀.

Àpótí tí ọmọ lè ju lẹ́tà sí fún olùdámọ̀ràn náà wúlò, ṣùgbọ́n ẹ má gbé e sí ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì. Ẹ̀gbẹ́ ilé ìkàwé tàbí ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni ọmọ ti lè dúró láìsí ẹni tó máa bi í pé kí ló ń ṣe níbẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ kan, ẹni kan. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni ká máa ṣí i lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀: lẹ́tà tí wọ́n jù sínú rẹ̀ ní ọ̀sán Jímọ̀ á wà níbẹ̀ di ọjọ́ Ajé, ó sì lè jẹ́ èyí tí kò yẹ kó sùn síbẹ̀. Lójoojúmọ́ ni kí a ṣí i, kí ilé-ìwé tó tú. Kí a sì lẹ ìwé mọ́ ojú rẹ̀ pé bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ kánjúkánjú, kí ọmọ má kọ ọ́, kí ó wá.

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmẹ́tè, ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Yàrá àwọn olùkọ́ ni ẹnu ti ń yọ jù nílé-ìwé, níbi tí wọ́n ti ń jẹ wàrà díndín tí wọ́n ń wá ìròyìn sí i. Gbólóhùn tí mo fi ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ kì í yí padà: "Ohun tí o bá bá mi sọ, àárín wa ni yóò wà. Ohun mẹ́ta ló lè mú mi sọ fún ẹlòmíràn: bí ẹnì kan bá ń ṣe ọ́ ní jàǹbá, bí o bá fẹ́ ṣe ara rẹ ní jàǹbá, tàbí bí o bá fẹ́ ṣe ẹlòmíràn ní jàǹbá. Bí ó bá di dandan kí n sọ ọ́, ìwọ ni n ó kọ́kọ́ sọ fún." Kí ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ni kí a sọ èyí. Ẹni tó bá ṣèlérí pé òun kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni láé, tí ọmọ wá fi yé e ní ogún ìṣẹ́jú lẹ́yìn náà pé ẹnì kan ń fipá bá òun lò nílé, yóò sọ ara rẹ̀ di òpùrọ́ tàbí kí ó fi ọmọ náà sílẹ̀ nínú ewu.

Bí olùkọ́ kíláàsì bá béèrè ohun tó ń ṣe ọmọ, ohun tó yẹ kó ṣe ni mo ń sọ fún un. Ìdí rẹ̀ wà lọ́dọ̀ mi: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó máa jókòó níwájú, kí ẹ má sì pè é sójú pátákó fún ọ̀sẹ̀ méjì." Ó tó. Àkọsílẹ̀ mi kì í ní orúkọ, nọ́ńbà ló ń ní. Ìwé tó so nọ́ńbà mọ́ orúkọ wà nínú dúrọ́ọ̀ mìíràn tó ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀. Ohun mẹ́rin ni mo ń kọ: ọ̀rọ̀ ọmọ bó ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀, ohun tí mo fojú rí, ohun tí a jọ fẹnu kò sí, ọjọ́ tí a ó tún rí ara wa. N kì í kọ "alágídí ni" tàbí "ìyá rẹ̀ kò tọ́ ọ", torí ìwé lè bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí a kò rò.

Inú àṣà ilẹ̀ mìíràn ni ọ̀pọ̀ ìwé tí wọ́n fi kọ́ wa ní iṣẹ́ yìí ti wá. Wọ́n ní ọmọ tí kò bá wo ojú ẹni lè máa fi nǹkan pamọ́. Ọmọ Yorùbá tí wọ́n tọ́ dáadáa kò ní tẹjú mọ́ àgbà, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ Fúlàní àti ọmọ Núpé tí wọ́n jọ wà ní kíláàsì. Bí ó bá wọlé tó kúnlẹ̀, kí a ní kó jókòó, ká sì tún un sọ, torí òmíràn á máa dúró títí ọ̀rọ̀ yóò fi parí. Ó tún ní ewu inú "bẹ́ẹ̀ ni, mà". Ìbéèrè tí ìdáhùn rẹ̀ jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, bẹ́ẹ̀ ni lọmọ á fi dá àgbà lóhùn. "Ṣé wọ́n ń fún ẹ lóúnjẹ nílé?" "Bẹ́ẹ̀ ni, mà." Kí a béèrè pé: "Kí lo jẹ kẹ́yìn? Ta ló sè é? Aago mélòó?" Ìdáhùn á yàtọ̀.

Ọ̀rọ̀ èdè náà ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ló ń bu owó ìtanràn lé ọmọ tó bá sọ Yorùbá. Yàrá mi kò sí lábẹ́ òfin yẹn, mo sì ń sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀gá àgbà. Kò sí ọmọ tó ń sunkún ní Gẹ̀ẹ́sì.

Ọmọ wa kì í ní òun ní ìdààmú ọkàn. Ohun tí ó ń sọ ni pé "orí ń fọ́ mi", "àyà mi ń já", "inú ń run mí", "ara mi ò lè". Nítorí náà, ìwé ibi ìtọ́jú aláìsàn ilé-ìwé ni mo fi ń mọ ọmọ tó yẹ kí n pè. Mo máa ń gba ìwé náà wò fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sẹ́yìn, mo ń wo orúkọ tó ń padà wá àti ọjọ́ tó ń padà wá. Orí tó ń fọ́ ní gbogbo ọjọ́ Ajé, tí kì í fọ́ ní Jímọ̀, ó ní nǹkan tó ń sọ. Inú tó ń run kí pírọ́ọ̀dù kan pàtó tó bẹ̀rẹ̀, ẹ wo ẹni tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ náà. Ṣùgbọ́n ara ni kí a kọ́kọ́ wò: ibà, ojú tó yẹ kó gba gíláàsì, ebi, òùngbẹ. Ọmọ tó fi ẹsẹ̀ rìn wá láìjẹun, tí orí ń fọ́ ní aago mẹ́wàá, oúnjẹ ló ń wá. Ọmọbìnrin tí rẹ́jísítà fi hàn pé ó ń pa ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin jẹ lóṣooṣù, ó lè jẹ́ pé páàdì ni kò ní. Mo ń fi páàdì sínú dúrọ́ọ̀ ìsàlẹ̀, kí ọmọ lè mú un láìtọrọ, mo sì ń fi yé wọn pé láàárín wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà ni kí wọ́n máa pààrọ̀ rẹ̀.

Oorun náà wà ńbẹ̀, a kì í sì í kà á sí. Ọmọ ọdún 13 sí 18 nílò wákàtí mẹ́jọ sí mẹ́wàá lóru. Ilé-ìwé tó ní bọ́dìn, tó ń pa iná ní aago mẹ́wàá, tó sì ń lu agogo ìjí ní aago márùn-ún kù díẹ̀, kò tíì fún ọmọ ní wákàtí méje, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ti sínọ̀ tó tún jí i láti pọn omi. Ọmọ tó ń gbé nílé ní Ìlọrin á ti ilé-ìwé dé, á lọ sí ilé-kéwú, á bá ìyá rẹ̀ kiri ọjà, kí ó tó ṣí ìwé. Nínú Ramadan tó ń jí jẹ sàárì, ó tún dín kù. Kí a tó sọ pé ọlẹ ni, kí a fi bébà ka wákàtí náà pẹ̀lú rẹ̀, láti ìgbà tó jí dé ìgbà tó sùn. Mo rí i pé títún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú méjì ṣe nínú ọjọ́ ọmọ máa ń ran àwọn kan lọ́wọ́ ju ìwàásù lọ.

"Ó sú mi" kì í ṣe nǹkan. Gbogbo wọn ló ń sọ ọ́ bí ìdánwò bá kù dẹ̀dẹ̀. "Ayé sú mi" yàtọ̀. "Kí n má ti ẹ̀ sí láyé" yàtọ̀. Bí ọmọ bá ń fi nǹkan ìní rẹ̀ ta àwọn ọ̀rẹ́ lọ́rẹ, tí kì í jẹun, tí kì í sùn, tí eré tó fẹ́ràn kò wù ú mọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí a béèrè. Kí a béèrè tààrà, ní ohùn jẹ́jẹ́: "Ṣé ó ti ṣe ọ́ bíi kí o pa ara rẹ rí?" Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ló ń bẹ̀rù pé ìbéèrè yẹn á fi èrò náà sí ọmọ lọ́kàn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí èrò náà kò bá sí níbẹ̀, ọmọ á ní "Rárá o, mà!", bí ó bá wà níbẹ̀, ara á tù ú pé ẹnì kan ti sọ ọ́ jáde. Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, iṣẹ́ kíláàsì ti parí lọ́jọ́ yẹn. Ọmọ náà kò gbọ́dọ̀ dá wà, kódà kí ó lọ tọ̀ lásán. A ó pe òbí tàbí alágbàtọ́ kí wọ́n wá fúnra wọn. A kò ní fi ọmọ sórí ọ̀kadà ránṣẹ́ sílé. A ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n kó oògùn kòkòrò àti gbogbo oògùn inú ilé sí ibi tó ní kọ́kọ́rọ́. Ní ọjọ́ kan náà ni kí wọ́n gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn. Ẹ̀ka Behavioural Sciences, tó ń tọ́jú àìsàn ọpọlọ, wà ní ilé-ìwòsàn ńlá Yunifásítì Ìlọrin ní Òkè-Òsé, mo sì ń kọ lẹ́tà fún òbí dání kí wọ́n má baà máa tún ìtàn sọ ní gbogbo kọ̀ǹtà. Bí ọmọ bá padà sí ilé-ìwé, mo ń rí i ní ọjọ́ kejì, ní ọ̀sẹ̀ kan, ní oṣù kan. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ sọ ọ́ lórí àpéjọ òwúrọ̀, ì báà jẹ́ láti fi gbàdúrà fún un.

Pípe òbí, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni. Bí mo bá pe ìyá tó wà nídìí ọjà ní Ìpàtà tí mo ní "Ẹ máa bọ̀, ọ̀rọ̀ ọmọ yín ni", ó ti fi ọjà sílẹ̀ pẹ̀lú ìpayà, ìpayà náà á sì di ìbínú kó tó dé ẹnu géètì. Ọmọ ló máa jẹ ìyà rẹ̀. Gbólóhùn àkọ́kọ́ ni pé: "Alhaja, ẹ kú ọjà o. Ara ọmọ yín le, kò sí ohun tó ṣe é. Mo fẹ́ ká jọ ronú lórí nǹkan kan." (Àwọn òbí kan tún máa ń gbọ́ "kánsẹ́lọ̀" sí kánsílọ̀ wọ́ọ̀dù wọn, ẹ fara balẹ̀ ṣàlàyé.) Kí a béèrè ọjọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ọjà, kí a má fi í sí àsìkò Jímọ̀. Bí wọ́n bá dé, ohun rere méjì tí mo mọ̀ nípa ọmọ náà ló ń ṣíwájú, ohun rere tó jẹ́ òótọ́. Kí wọ́n tó lọ, mo ń béèrè pé kí ni wọ́n máa sọ fún ọmọ bí wọ́n bá délé, kí n lè gbọ́ bóyá ẹgba wà nínú rẹ̀.

Fọ́ọ̀mù ilé-ìwé ń béèrè orúkọ bàbá àti nọ́ńbà rẹ̀. Bàbá náà lè wà ní Èkó, kí ọmọ wà lọ́dọ̀ ìyá ìyá rẹ̀ ní Òró, tàbí lọ́dọ̀ ìyàwó kejì, tàbí lọ́dọ̀ ẹbí tó gbà á ṣọmọ ọ̀dọ̀ lábẹ́ ẹ̀wù ẹ̀kọ́. Ìbéèrè méjì ni mo fi kún tèmi: Ta ló ń jí ọ láàárọ̀? Ọ̀dọ̀ ta lo ti ń jẹun alẹ́?

Ọ̀pọ̀ òbí á ní ọwọ́ ayé ló wà nínú ọ̀rọ̀ náà, wọ́n á sì fẹ́ gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ alfa tàbí wòlíì. Mi ò kì í bá wọn jà. Ẹni tó bá bá òbí jà lórí ìgbàgbọ́ kò ní rí ọmọ náà mọ́. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí àdúrà máa lọ, kí oògùn dókítà náà máa lọ, èkíní kò dí èkejì lọ́wọ́. Ohun tí n kò ní gbà ni kí wọ́n fi ẹ̀wọ̀n de ọmọ, kí wọ́n nà án lẹ́gba, tàbí kí wọ́n ní kó gbààwẹ̀ tàbí kó dá oògùn dúró. Níbi wárápá ni èyí ti ń léwu jù. Bí gìrì bá mú ọmọ ní kíláàsì, àwọn olùkọ́ á sá torí wọ́n ní itọ́ rẹ̀ ń ranni. Kò ranni. Ẹ gbé àga àti tábìlì kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, ẹ fi nǹkan tó rọ̀ sábẹ́ orí rẹ̀, ẹ dá a fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ẹ má fi ṣíbí sí i lẹ́nu, ẹ má dì í mú, ẹ wo aago. Bí ó bá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, tàbí tí òmíràn tẹ̀lé e kí ó tó jí, ilé-ìwòsàn ni. Lẹ́yìn náà kíláàsì gan-an ló nílò olùdámọ̀ràn, kí ọmọ náà tó padà wá bá ìjókòó òfìfo ní ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀ méjèèjì.

Ní bọ́dìn, ìyà tí sínọ̀ fi ń jẹ júníọ̀ ní àkókò, ó sì ní ibi tó ti ń ṣẹlẹ̀: ìdí ẹ̀rọ omi kí ilẹ̀ tó mọ́, ilé ìwẹ̀, ẹ̀yìn kíṣìnnì, àti wákàtí àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá pa iná. Àgbàlagbà kan tó ń rìn gba ibẹ̀ kọjá lásìkò yẹn ń dín in kù ju ìwé òfin lọ. Àṣìṣe tí mo rí jù ni kí a mú ẹni tó fìyà jẹni àti ẹni tí wọ́n fìyà jẹ jókòó pọ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí wọ́n tọrọ àforíjì, kí wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́. Júníọ̀ á bọ ọ́ lọ́wọ́ níwájú wa. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni yóò san gbèsè rẹ̀. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni kí a rí wọn, kí a yí ibùsùn padà kí a tó pe sínọ̀ rárá, kí ìyà tí ilé-ìwé fẹ́ fi jẹ ẹ́ sì ti ọwọ́ igbákejì ọ̀gá wá. Èmi náà ṣì gbọ́dọ̀ jókòó ti sínọ̀ yẹn. Àwọn kan nínú wọn ń dá ohun tí wọ́n ṣe fún wọn ní JSS 1 padà ni.

Bí ọ̀rọ̀ ìfipábánilò bá jáde, ìbéèrè mi ń dín kù ni. Ta ni, nígbà wo, ṣé o ṣì ń bá a gbé. N kì í ní kí ọmọ tún un sọ fún ọ̀gá àgbà, kí ó tún un sọ fún pásítọ̀. Kí ó má wẹ̀ kí dókítà tó rí i, kí a fi aṣọ tó wọ̀ sínú àpò bébà, kì í ṣe ọ̀rá, nítorí ọ̀rá ń mú ọ̀rinrin tó ń ba ẹ̀rí jẹ́. Oògùn tó ń dènà HIV gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí 72, bí ó bá sì yá ju bẹ́ẹ̀ lọ ó dára jù. Èyí tó ń dènà oyún lè ṣiṣẹ́ títí di wákàtí 120, òun náà sì ń dín lágbára bí wákàtí bá ṣe ń lọ. Ẹbí á fẹ́ kí a jókòó yanjú rẹ̀ nínú ilé. Aago kò ní dúró de ìpàdé ẹbí.

Láti ọdún díẹ̀ wá, gúúsù Kwara ní ẹrù tirẹ̀. Nígbà tí àwọn agbébọn ya wọ ilé ìjọsìn kan ní Erúkú ní oṣù Kọkànlá 2025, tí wọ́n pa ènìyàn, tí wọ́n sì kó àwọn olùjọsìn lọ, ìjọba ti ilé-ìwé pa ní àwọn ìjọba ìbílẹ̀ kan lágbègbè náà. Wọ́n tú àwọn tí wọ́n kó sílẹ̀ ní ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n ìró ọ̀kadà lásán ṣì lè mú ọmọ wọ abẹ́ tábìlì. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá padà sí kíláàsì, kí a má kó gbogbo wọn jọ láti máa sọ ohun tí wọ́n rí níkọ̀ọ̀kan. Ó lè ṣe wọ́n ní jàǹbá ju àǹfààní lọ. Ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, kí a gbọ́ ọ. Ẹni tí kò fẹ́, kí a fún un ní iṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe: pínpín ìwé, líla pápá, gbígbá bọ́ọ̀lù. Kí agogo máa lù ní àsìkò tó ń lù tẹ́lẹ̀. Kí a fi han gbogbo wọn ibi tí wọ́n máa gbà bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, lẹ́ẹ̀kan, láìfi dẹ́rù bà wọ́n. Bí àyà bá ń já ọmọ lójú ẹsẹ̀, kí ó fa èémí sínú ní oókan dé ẹẹ́rin, kí ó rọra mí i jáde ní oókan dé ẹẹ́fà, ní ìgbà mẹ́wàá, pẹ̀lú ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí ilẹ̀. Àlá burúkú àti ìfòyà ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ kì í ṣe àìsàn. Bí ó bá kọjá oṣù kan tí kò dín, kí dókítà rí i.

Ohun kan tí ètò ilé-ìwé gbàgbé pátápátá ni oṣù Kẹjọ. Ìgbà yẹn ni èsì WAEC ń jáde, ilé-ìwé ti sé, yàrá olùdámọ̀ràn ti wà ní títì. Nítorí náà kí SS 3 tó tú ká ni mo ti ń kọ orúkọ àwọn tí mo mọ̀ pé èsì burúkú lè wó lulẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà àgbàlagbà kan tí ọmọ fúnra rẹ̀ yàn. Lọ́jọ́ tí èsì bá jáde ni mo ń pè wọ́n, n kì í dúró de kí wọ́n pè. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 2025 ni mo fi ń ṣàlàyé fún wọn pé kí wọ́n mí kanlẹ̀ ná: ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹjọ, WAEC ní ìdá 38.32 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ṣe ìdánwò ló ní kírédíìtì márùn-ún, ó kéré tán, pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò. Láàárín ọjọ́ mélòó kan wọ́n rí àṣìṣe nínú iṣẹ́ wọn, wọ́n tún un ṣe, ó di 62.96. Àwọn ọmọ kan ti gba ìnà, àwọn kan ti kúrò nílé, lórí èsì tí kì í ṣe tiwọn.

Bí wọ́n bá ń gbé olùdámọ̀ràn lọ sí ilé-ìwé mìíràn, àwọn ọmọ tó ń rí lọ́wọ́ ni kó kọ́kọ́ gbọ́, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú, láti ẹnu rẹ̀. Kí ó bi ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bóyá ó fẹ́ kí ẹni tuntun ka àkọsílẹ̀ òun. Ẹni tó bá ní rárá, nọ́ńbà rẹ̀ àti ọjọ́ ìpàdé nìkan ni kó fi sílẹ̀, àyàfi ọ̀rọ̀ tó jẹ mọ́ ewu mẹ́ta yẹn. Kí ó fi kọ́kọ́rọ́ àpótí lé ẹni tuntun lọ́wọ́ fúnra rẹ̀. Kí ó má fi í sílẹ̀ ní ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà.